Aṣọ Inú Àpótí

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà wá, láàárín àpò eèrí àti òkúta iyọ̀ tí àgùntàn máa ń lá. Ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú nígbà náà, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ti gba ọlidé. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló wa ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà lọ, nígbà tí àwọn ẹbí sì jókòó, tí oníkálukú ń wo ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yìí tó ń sin àgùntàn ló ní òun á mú un lọ sóko ná, kí ooru kọjá, kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ìyàwó ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi etí aṣọ nu ọwọ́. Kò wo ojú ọmọ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wò, torí eruku tó wà níbẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Ẹ káàsán, Màmá."

Ó ní, "Èmi kọ́ ni màmá rẹ. Àǹtí ni kí o máa pè mí."

Bó ṣe di Àlejò nílé náà nìyẹn. Abẹ́rẹ́, ọmọ àgbà ilé, ló sọ ọ́ ní Àlejò lójú ẹsẹ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí èèmọ́. Abẹ́rẹ́ gan-an, ìnagijẹ ni: ó ga, ó tín-ínrín, ẹnu rẹ̀ sì lè gún èèyàn wọ eegun. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì wọ ilé-ìwé ni wọ́n ń pè ní Bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ti rí ikùn rẹ̀ kò ní béèrè ìdí.

Ẹnì kan ti yọ láàárín àwọn méjèèjì. Ọmọbìnrin ni, Adúmáadán ni ìyá rẹ̀ máa ń pè é. Ibà ló pa á nígbà ooru ọdún tó kọjá. Bó ṣe ga nígbà tó kú gẹ́lẹ́ ni Àlejò ṣe ga báyìí. Ohun tó kọ́kọ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́ nìyẹn. Obìnrin náà á gbójú sókè nídìí iṣẹ́, á rí ọmọ tó ga tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ á fò sókè, ẹ̀yìn náà ni á wá rí i pé Àlejò ni. Kò dárí jì í nítorí ìyẹn, ó sì ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣú ló ti fún un ní òfin. Ife tó bá fi mu omi, kó fọ̀ ọ́. Abọ́ tó bá fi jẹun, kó fọ̀ ọ́. Tówẹ̀lì ńkọ́? Kó fọ̀ ọ́. Àga tó bá jókòó lé pàápàá, kó fi àkísà nù ún tó bá dìde.

"Ohunkóhun tó bá ti kan ara rẹ nínú ilé yìí," obìnrin náà wí, "o ò gbọ́dọ̀ dá a padà síbi tó o ti mú un láì fọ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ òórùn ẹlòmíràn lára nǹkan mi."

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó bá a sọ ní gbogbo ìgbà ooru náà nìyẹn, Àlejò sì dì í mú bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn. Ó ń fọ nǹkan ṣáá. Tí wọ́n bá jẹun tán, tí àwọn tó kù ti sá jáde, ìdí garawa ni ẹ ó ti bá a, tó ń fi ọṣẹ àti iyanrìn ha abọ́ tí kò dọ̀tí.

Iṣẹ́ pọ̀ lóko náà. Kí oòrùn tó yọ ni wọ́n ti ń da àgùntàn jáde. Wọ́n á gé koríko, wọ́n á sá a, wọ́n á yí i, wọ́n á kó o sábẹ́ òrùlé de ìgbà òtútù. Wọ́n á fa omi nínú kànga dà sínú ọpọ́n gígùn tí àwọn ẹran ti ń mu, ọpọ́n náà kì í sì í kún, bí ìgbà tí èèyàn ń bomi sínú agbọ̀n. Tó bá di ọ̀sán gangan, àwọn adìẹ á yanu sílẹ̀ lábẹ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó koríko, àwọn àgùntàn á kó ara wọn jọ sábẹ́ igi kan ṣoṣo tó wà ní pápá, gbogbo ilé á sì wọlé lọ sùn.

Ọ̀sán yìí ni Abẹ́rẹ́ máa ń fi Àlejò ṣeré. Ó kọ́ ọ láti lá òkúta iyọ̀, ó ní ara á tù ú, lẹ́yìn tí àgùntàn mélòó kan ti lá a síwájú. Ó rán an lọ mú ẹyin ní igun ibi tí akọ tòlótòló ń gbé, ẹran burúkú kan tí bàbá ilé fúnra rẹ̀ kì í sún mọ́ láìmú igi dání.

"Ẹ̀yìn ni kí o fi wọlé," Abẹ́rẹ́ kọ́ ọ. "Tí kò bá ti rí ojú rẹ, á rò pé ara ilé ni ẹ́."

Àlejò fi ẹ̀yìn wọlé. Tòlótòló náà ya á lẹ́sẹ̀ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì fọ́ ẹyin méjì mọ́ ọn lára. Bọ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín títí òsúkè fi mú un. Obìnrin náà gbọ́ ariwo, ó jáde wá, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó wo ẹyin tó fọ́, ó ní kó rọra má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kán sí ẹnu ọ̀nà, ó sì padà wọlé.

Ẹ má rò pé Abẹ́rẹ́ kò ní ìdí tirẹ̀. Láti ọjọ́ tí Adúmáadán ti kú, ìyá rẹ̀ kì í wò ó ju bó ṣe ń wo ilẹ̀kùn lọ, ohun tí èèyàn ń gbà kọjá. Kò bá a ya irun mọ́. Kò bá a wí pàápàá. Ìgbà tí wọ́n wá mú ọmọ mìíràn wọlé pé kí ó jókòó sáàyè tó ṣófo, Abẹ́rẹ́ wo àyè náà, ó rí i pé òun ni òun ti ń dúró dè é láti ọdún tó kọjá.

Abẹ́ fèrèsé ilé ìdáná ni Àlejò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó ń ha ìkòkò lọ́wọ́, tọkọtaya náà sì wà nínú ilé, wọn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà ń sọ pé ọmọ náà kò ní wàhálà, pé ó ń ṣiṣẹ́, pé oúnjẹ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìyàwó rẹ̀ ní òun kò sọ pé ó ní wàhálà. Ó ní ilé kan wà nígboro tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí kò lóbìí, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, ilé-ìwé wà níbẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀jẹ̀ mi ni, ìyá Abẹ́rẹ́."

"Ẹ̀jẹ̀ tèmi wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lẹ́yìn ọgbà." Ohùn rẹ̀ kò sókè, kò sọ̀ kalẹ̀. "Tí ọlidé bá parí, tí ọkàn mi kò bá tíì yí sí i, wàá gbé e lọ. Àbí o fẹ́ kí n máa díbọ́n?"

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni Àlejò ń wá: ohun tó lè yí ọkàn obìnrin náà. Ó jí ṣáájú gbogbo ilé. Ó fa omi títí okùn fi bó o lọ́wọ́. Ó já òdòdó ẹ̀bá pápá, ó kì í sínú ife, ó gbé e sórí tábìlì. Obìnrin náà da òdòdó nù fún ewúrẹ́ kan tó ń kọjá, ó sì ní kó fọ ife. Ó fọ̀ ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, gbogbo ilé ń sùn, Àlejò ń ṣọ́ adìẹ kan tó ń yé ẹyin pamọ́. Adìẹ náà mú un yí ilé po dé abẹ́ fèrèsé yàrá obìnrin náà. Ó rí i lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àpótí onígi kan. Obìnrin náà mú aṣọ ọmọdé kan jáde, aṣọ aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ní bọ́tìnnì léjìká, aṣọ tí Adúmáadán bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ibà dá a dùbúlẹ̀. Ó ká apá aṣọ náà sókè, ó ki imú bọ̀ ọ́ lábẹ́ abíyá, ó sì ń fa èémí sínú bí ẹni tí òùngbẹ gbẹ tó débi omi. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ká aṣọ náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbé ẹyin, ó dá a padà, ó pa àpótí dé. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ tutù. Fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ni o, kò ju ìgbà tí omi á fi hó lọ, ó dàbí ẹni tí èèyàn lè sún mọ́.

Àlejò kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń rò ó.

Ìgbà tó yá ni ọ̀rọ̀ àgùntàn ṣẹlẹ̀. Ooru mú lọ́jọ́ náà débi pé Ṣọ́jà, ajá ilé, kò lè gbó. Abo àgùntàn kan kú sórí ìbí láàárọ̀, ó fi ọmọ kan sílẹ̀ tó ń gbọ̀n, tó ń ké kiri, tó ń ti imú bọ abẹ́ ẹran gbogbo. Kí oòrùn tó kanrí, abo mìíràn bí ọmọ tirẹ̀, ọmọ náà kò mí. Bàbá ilé wò ó: ìyá tí ọmú rẹ̀ kún rèé, ọmọ tí kò níyàá rèé. Ó gbé ọmọ náà sábẹ́ ìyá yìí. Ìyá náà yíjú, ó gbóòórùn ìdí rẹ̀, ó sì fi orí gbá a mọ́ ògiri. Wọ́n tún gbé e sí i. Ó tún gbá a. Nígbà tí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ yọ nímú ọmọ náà, kò sì lè dìde fúnra rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ní kí wọ́n lu àgùntàn náà kó lè gbọ́ràn. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lílù kọ́. Àgùntàn kì í fi ojú mọ ọmọ ẹ̀, imú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wá wò ó, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó pọ́n ọ̀bẹ. Ó gbé òkú ọmọ àgùntàn náà lé itan, ó gé awọ yí ọrùn àti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, ó là á díẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn, ó wá fà á bọ́ lódindi, bí ẹni ń bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì tó tutù lára ọmọdé. Ohun tó kù kéré, ó ń dán, ó jọ ohun tí kò yẹ kí èèyàn rí. Ó sọ ọ́ sínú garawa. Ṣọ́jà lọ jókòó ti garawa náà, ó ń ṣe bí ẹni rere. Bàbá ilé wọ awọ náà fún ọmọ tó wà láàyè. Ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fà á gún. Ọmọ náà dúró nínú ẹ̀wù òkú, ẹ̀wù náà gùn díẹ̀ jù ú lọ, eṣinṣin ń bà lé e.

Ẹ̀yìn ló gbà gbé e sún mọ́ ìyá náà, kí ó má kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀. Ìyá náà gbóòórùn ìdí rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó wá ṣe ohùn kan lọ́fun, ohùn jẹ́jẹ́ tí àgùntàn kì í ṣe fún ẹlòmíràn àfi ọmọ inú ara rẹ̀, ọmọ náà ké, ìyá náà dá a lóhùn, ó sì yọ̀ǹda ọmú.

Bàbá ilé ní kí wọ́n fi awọ náà sí i lára fún ọjọ́ díẹ̀. Ó ní tí wàrà ìyá náà bá ti gba inú ọmọ náà kọjá, òórùn ìyá náà á mú un, nígbà náà ni wọ́n á bọ́ awọ dànù.

Bọ́ọ̀lù béèrè pé, "Tó bá wá rí i pé wọ́n tan òun jẹ ńkọ́?"

"Á ti fẹ́ràn ẹ̀ nígbà yẹn."

Obìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹran. Ó rí gbogbo rẹ̀. Ó yí padà, ó lọ.

Àlejò dúró síbẹ̀ pẹ́. Ọmọ náà ń mu ọmú, ìrù rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ìrù ẹlòmíràn. Àlejò ń ṣírò nínú ọkàn rẹ̀: oúnjẹ obìnrin náà ti ń gba inú òun náà kọjá láti ìgbà tí ooru ti bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ òórùn rẹ̀ kò tíì mú òun. Ó ku awọ.

Níbi ọpọ́n omi ni Abẹ́rẹ́ ti bá a. Abẹ́rẹ́ gbé garawa kalẹ̀, ó wò ó lójú, ó rí ohun tó wà níbẹ̀, torí ọmọ burúkú kì í pẹ́ rí nǹkan.

"O rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é," ó ní. "Ó mà ṣe o, kò sí èyí tí wọ́n máa bó fún ìwọ." Ó da omi sínú ọpọ́n. Ó tún ní, bí ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí, "Àbí ó kúkú wà. Inú àpótí ló wà."

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Òun náà ti fọwọ́ kan aṣọ yẹn rí, lẹ́yìn ìsìnkú, kò sì ṣe ju pé ó fẹ́ gbé e mọ́ra lọ. Ìyá rẹ̀ gbá a létí tó fi jẹ́ pé etí náà ṣì máa ń hó tí òtútù bá mú.

Àlejò dúró títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí obìnrin náà jókòó lẹ́yìn ilé ìdáná tó ń yọ hóró lára àgbàdo gbígbẹ. Ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Òkìtì àgbàdo wà níwájú rẹ̀, sùúkù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìka rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àlejò wọ yàrá, ó ṣí àpótí, ó bọ́ aṣọ tirẹ̀, ó wọ tinú àpótí. Ó bá a mu bí ẹni pé òun ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó rán an. Ó jáde. Ẹ̀yìn ló gbà wá, bí bàbá ilé ti gbà. Ó rìn lórí ìka ẹsẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó sì na apá méjèèjì yí ọrùn obìnrin náà ká.

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí àgbàdo.

Kò yíjú. Apá aṣọ náà wà nísàlẹ̀ imú rẹ̀. Ó fa èémí. Ó di apá ọmọ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun àgbàdo, ó fà á mọ́ ojú rẹ̀, ó sì tún fa èémí, gbogbo ara rẹ̀ sì rọ̀ bí ìdìpọ̀ tí wọ́n tú okùn rẹ̀.

"Adúmáadán," ó ní. Ohùn náà kéré, ó jẹ́jẹ́, Àlejò kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ọmọ náà dijú. Ó ti gba ibẹ̀. Ó ti wọlé. Ká ní ó dákẹ́ ni, ta ló mọ bí ì bá ṣe pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ó rántí pé ọmọ àgùntàn náà ké nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é, ìyá náà sì dá a lóhùn.

Ó ní, "Màmá."

Kì í ṣe ohùn yẹn. Ojú obìnrin náà là. Ó wo ọwọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó rí ojú ibi tí okùn kànga ti bó o. Ó fi ìgúnpá gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láì dìde, ọmọ náà sì ré sẹ́yìn sórí sùúkù àti ìgbẹ́ adìẹ.

Kò pariwo. Ó ṣẹ́ ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. "Bọ́ ọ," ó ní. "Dá a padà síbi tó o ti mú un." Ó kọjá lórí ọmọ náà, ó gba pápá lọ.

Àlejò bọ́ aṣọ náà. Ìgbẹ́ adìẹ ti ta sí i níwọ̀nba, ní ìsàlẹ̀, ohun tí èèyàn lè fi ìka àti omi díẹ̀ nù kúrò. Ṣùgbọ́n ó ti kan ara rẹ̀. Odindi rẹ̀ ló kan ara rẹ̀. Ó gbé e dé ìdí kànga, ó dúró, nítorí ohun kan nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dá a lójú, kò sì mọ ohun náà. Abẹ́rẹ́ ló bá níbẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kí òun kọ́kọ́ fọ aṣọ náà kí òun tó dá a padà.

Abẹ́rẹ́ wo aṣọ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ jù ú lọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń lọ wá nínú aṣọ yẹn ní ọ̀sọ̀ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá fi dá a dúró.

"Ṣé o ti gbàgbé òfin ilé ni?" ó ní. Ó wọ ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, ó mú ọṣẹ dúdú líle tí wọ́n fi ń wẹ eégbọn kúrò lára àgùntàn jáde wá. Ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Fọ̀ ọ́ dáadáa. Abẹ́ abíyá ni kí o mójú tó jù."

Àlejò fọ̀ ọ́. Ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó fi ọṣẹ pa á, ó fi ìkúùkù gbo abẹ́ abíyá títí omi fi pọ́n, ó dà á nù, ó tún un ṣe. Kò fọ nǹkan kan ní ilé náà rí bó ṣe fọ ìyẹn. Ó sá a sórí wáyà ọgbà lẹ́yìn ilé koríko, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i kí ó tó mọ́ tónítóní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá ilé bọ́ awọ kúrò lára ọmọ àgùntàn náà. Ó ti ń rùn, ó sọ ọ́ fún Ṣọ́jà. Gbogbo ilé dúró wò. Ọmọ náà wà níhòòhò bí ẹni tí wọ́n jí aṣọ rẹ̀ nílé ìwẹ̀. Ìyá náà gbóòórùn rẹ̀ láti ìdí dé etí, ó sinmi díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a.

Obìnrin náà wò ó títí. Ojú rẹ̀ wú, kò sùn, kò sì tíì fọwọ́ kan àpótí láti àná. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ, ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ọgbà. Ó sọ fún un pé kò sí ẹni tó ti gbá òun mọ́ra láti ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ òun ń bẹ̀rù òun, òun sì mọ̀. Ó ní kí ọmọ náà dúró. Kí ó bá Abẹ́rẹ́ wọ ilé-ìwé tó bá wọlé, kí wọ́n wò ó títí di ìgbà òtútù.

Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Ó bá Àlejò lẹ́yìn ilé koríko, ó gbé e sókè, ó ní, "Àǹtí rẹ ní kí o dúró. Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Kí ni ọmọ náà ní tó lè fi dúpẹ́? Ó ká aṣọ náà kúrò lórí wáyà. Ó ti gbẹ, ó mọ́, ó ń tàn nínú oòrùn. Ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ lórí itan, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lórí ọwọ́ méjèèjì wọlé.

Obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rí i tó ń bọ̀, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó ní kó wá. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sójú, bó ṣe máa ń ṣe.

Ó gbé e kúrò. Ó wò ó. Ó ká apá rẹ̀ sókè, ó ki imú bọ̀ ọ́. Ó yí i padà, ó wá a ní ojú ìrán, ní ọrùn, lábẹ́ bọ́tìnnì, ní apá kejì. Ó ń wá a bí ẹni tí abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú iyanrìn. Òórùn ọṣẹ eégbọn ló ń gbọ́. Àgùntàn ló ń gbọ́.

"Mo ti fọ̀ ọ́, Àǹtí," Àlejò wí, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́."

Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Obìnrin náà béèrè, ohùn rẹ̀ kò sì ju ohùn ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ, "Ta ló ní kí o fọ̀ ọ́?"

Ọmọ náà kò tilẹ̀ ronú. "Ẹ̀yin ni."

Obìnrin náà wo ọmọ náà, ojú sí ojú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé, ó sì wò ó pẹ́. Àlejò rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, torí pé ó rò pé bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ ẹni nìyẹn.

Kò nà án. Kò na ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé tó bá ń kó àwọn akọ àgùntàn lọ fún alápatà, kó gbé ọmọ náà dání lọ sí ilé tó wà nígboro yẹn. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́, ó ní ọmọdé ni, ó ní kò mọ̀, ó ní ìyàwó òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ ní òun mọ̀. Ó ní òun kò bá ọmọ náà jà. Òun kò kàn lè máa rí ọwọ́ rẹ̀ nínú ilé ni.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, àwọn akọ àgùntàn kún ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n dì wọ́n lẹ́sẹ̀, kò sí àyè, nítorí náà iwájú ni Àlejò jókòó sí, bí àgbàlagbà. Bọ́ọ̀lù ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn bóyá òun ló máa jogún abọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti ya irun ara rẹ̀, ó ti fi omi rẹ irun náà mọ́lẹ̀, ó wá dúró sí ibi tí ìyá rẹ̀ máa gbà kọjá. Ìyá rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Ó dé ojú fèrèsé ọkọ̀. Ó ju aṣọ aláwọ̀ pupa rúsúrúsú náà lé ọmọ náà nítan.

"Mú un," ó ní. "Aṣọ lásán ni báyìí."

Àlejò dúpẹ́. Ọkọ̀ ṣí. Wọ́n kọjá lẹ́bàá pápá, ọmọ àgùntàn tí wọ́n wọ awọ fún wà lábẹ́ ìyá rẹ̀, ó ti ń yọ ikùn. Ọmọ náà wò ó títí igi fi bò ó. Ó tẹ́ aṣọ náà gún lórí itan, ó ń ronú, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti gòkè tán ló tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, níbi tí à ń lọ yìí, ṣé wọ́n máa ń fọ nǹkan kí wọ́n tó dá a padà?"

Ọkùnrin náà yí jíà. Lẹ́yìn wọn, àwọn akọ ń ké.

"Omi pọ̀ níbẹ̀ dáadáa," ó ní.